Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Òfin Amẹ́ríkà Kò Fún Ẹni Tó Ra Ọkọ̀ Àlòkù

Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Houston, Atlanta, Maryland àti káàkiri Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn kan wà tí ẹni tó ti pẹ́ nílùú máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́: "Rà á, má fòyà. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, òfin fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá a padà." Àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló ń sọ. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó fún ẹni tó wọ ọgbà díláà lọ ra ọkọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, àní ọjọ́ kan péré, láti dá a padà torí pé ọkàn rẹ̀ ti yí. Bí o bá ti fọwọ́ síwèé, tí o sì ti gba kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ti di tìrẹ.

Àṣìṣe yìí ń dùn mí nítorí pé ẹni tí kò lówó púpọ̀ ló ń pa lára jù. Ẹni tó gbà pé ọjọ́ mẹ́ta ń dúró de òun kì í pe mẹkáníìkì kí ó tó sanwó. Ó ń yára fọwọ́ síwèé, ó ní òun yóò yẹ ọkọ̀ wò bí òun bá délé. Ọjọ́ tí jíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú ọ̀nà ló ń mọ̀ pé kò sẹ́ni tó jẹ òun ní ìdápadà.

Ibo wá ni ọjọ́ mẹ́ta náà ti wá? Kò ṣàdédé wá. Ní 1972, àjọ Federal Trade Commission, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FTC, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ Cooling-Off Rule, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974. Àwọn tó ń kiri ọjà láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ṣe é fún: àwọn tó máa ń kanlẹ̀kùn, tí wọ́n á jókòó sí pálọ̀ onílé, tí wọn kò sì ní dìde títí onítọ̀hún yóò fi fọwọ́ sí i pé òun yóò ra ọjà tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó jí láàárọ̀. Ẹni tí wọ́n ká mọ́lé bẹ́ẹ̀, FTC ní kí ó ní àyè títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ iṣẹ́ kẹta láti wọ́gi lé òwò náà. Sátidé wà lára ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kà. Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba kò sí níbẹ̀. Ọjà tó tó $25 nílé ẹni, tàbí tó tó $130 níbi tí oníṣòwò gbà fún ìgbà díẹ̀, irú bíi yàrá òtẹ́ẹ̀lì tàbí pápá ìpàtẹ ọjà, ni ìlànà náà bò.

Ọkọ̀ ńkọ́? Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọgbà díláà, kò sẹ́ni tó ká a mọ́lé, ìlànà náà kò sì kàn án rárá. Kódà bí díláà bá kó ọkọ̀ lọ sí pápá ìpàtẹ, tó sì tà á níbẹ̀, FTC yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà náà níwọ̀n ìgbà tí díláà náà bá ní ojúkò kan tó dúró sí. Ọjà tí wọ́n tà látòkè délẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù kò sí lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń gbé àṣìṣe náà ró. Òfin Truth in Lending, tí wọ́n ṣe ní 1968, fún onílé tó fi ilé tó ń gbé dúró láti yáwó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ mẹ́ta nínú ìwé ẹ̀yáwó ilé, tó tún wá jókòó síwájú díláà láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ọkọ̀, kò ní wá sí i lọ́kàn pé òfin kan náà kò tẹ̀ lé e débẹ̀. Ilé tí ènìyàn ń gbé nìkan ni ọjọ́ mẹ́ta yẹn wà fún.

Ìwé tó kan ẹni tó ń ra ọkọ̀ àlòkù gan-an ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Láti 1985 ni FTC ti fi dandan lé e pé díláà tó bá ń ta ọkọ̀ àlòkù tó ju márùn-ún lọ láàárín oṣù méjìlá gbọ́dọ̀ lẹ ìwé kan tó ń jẹ́ Buyers Guide mọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Maine àti Wisconsin nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, torí pé wọ́n ní ìlànà tiwọn. Ìwé náà ló ń sọ bóyá wáráńtì wà lórí ọkọ̀ yẹn tàbí kò sí. Bí díláà bá fa àmì sí ibi tí wọ́n kọ "As Is" sí, ohun tó ń wí ni pé bí o ṣe bá a ni o ṣe gbà á: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí o wakọ̀ jáde, ọwọ́ rẹ ni owó àtúnṣe rẹ̀ wà. Ìwé yìí ń di ara àdéhùn, bí ìwé àdéhùn bá sì sọ ohun tó tako ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú Buyers Guide ló lékè. Ìwé náà fúnra rẹ̀ gba olùrà nímọ̀ràn pé kí ó ní kí díláà kọ gbogbo ìlérí sílẹ̀, kí ó sì bèèrè bóyá mẹkáníìkì tirẹ̀ lè yẹ ọkọ̀ náà wò. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yẹn, kò sí ọjọ́ mẹ́ta kankan.

Ohun tó wà nídìí àṣìṣe yìí ni pé a ń da ẹ̀tọ́ méjì pọ̀. Èkíní ni ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà láìsí ìdí, torí pé ọkàn rẹ yí, torí pé àwọ̀ rẹ̀ kò wu ìyàwó rẹ, torí pé o rí òmíràn tó dín ní $1,000. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí àbùkù inú ọjà fún ọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Díláà lè fún ọ ní èkíní kí ó má fún ọ ní èkejì, ó sì lè fún ọ ní èkejì kí ó má fún ọ ní èkíní. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n tà láìsí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba ń fi kún ìdàrúdàpọ̀ yìí láìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham yóò pe àbúrò tó wà ní Dallas, yóò ní, "Ọgbọ̀n ọjọ́ ni tiwa." Òótọ́ ni, àmọ́ èkejì nínú ẹ̀tọ́ méjèèjì ló ń sọ. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún ẹni tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ̀ ọ́ kí ó sì gba owó rẹ̀ padà bí àbùkù bá wà lára rẹ̀, tàbí tí kò bá bá ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ mu. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, oníṣòwò ní àǹfààní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí àtúnṣe náà kò bá mú un yá, olùrà ṣì lè dá a padà, ṣùgbọ́n wọ́n lè yọ owó ìlò kúrò nínú ohun tí yóò gbà. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí àtúnṣe, oníṣòwò ló máa fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tó tà á. Nílẹ̀ yẹn, oníṣòwò kò lè kọ ọ́ síwèé pé bí o ṣe rí i lo rà á kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kàn yí kò rí nǹkan kan gbà nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yìí, àfi bó bá ra ọkọ̀ náà láìfojú kan oníṣòwò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù, tí òfin mìíràn sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Massachusetts ní òfin kan tó wù mí púpọ̀: bí ọkọ̀ tí o rà bá kùnà nínú àyẹ̀wò ìjọba láàárín ọjọ́ méje tí o rà á, tí owó àtúnṣe tí yóò mú un yege sì ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí o rà á lọ, o lè tú òwò náà ká. New York fi dandan lé díláà láti fún olùrà ní wáráńtì lórí ọkọ̀ àlòkù tó bá tó $1,500, tí kò sì tíì rìn ju 100,000 máìlì lọ: ọjọ́ 90 fún èyí tí kò tíì rìn púpọ̀, ọjọ́ 60 fún èyí tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 30 fún èyí tó ti rìn jù. Àbùkù ni òfin méjèèjì ń sọ, kì í ṣe ìyípadà ọkàn.

California ló sún mọ́ ohun tí àwọn ènìyàn rò jù lọ, ó sì yẹ kí a dúró lórí tirẹ̀ díẹ̀, torí pé òun ló fi hàn bí ìdápadà ṣe máa ń náni lówó. Láti 2006 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí díláà fi àǹfààní ọjọ́ méjì lọ ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ àlòkù tí owó rẹ̀ kò tó $40,000. Fi lọ ni mo wí: títà ni wọ́n ń tà á. Fún ọkọ̀ $12,000, owó tí díláà lè gbà fún àǹfààní náà lè tó $250. Bí olùrà bá wá dá ọkọ̀ padà, díláà tún lè gba owó ìdápadà tó lè tó $500, yóò sì yọ $250 tó ti gbà tẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Díláà tún lè fi òdiwọ̀n sí iye máìlì tí o lè wà, bí kò bá ti dín ní 250. Ẹni tí kò ra àǹfààní náà kò ní ìdápadà kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń fò ó nígbà tí ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí bá pọ̀ níwájú wọn. Ní 2025, gómìnà ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin tuntun, SB 766, tó ní kí ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 2026 fún ọkọ̀ àlòkù tí owó rẹ̀ kò ju $50,000 lọ. Owó ìdápadà àti òdiwọ̀n máìlì ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé òfin fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta, bi í pé ní ìpínlẹ̀ wo.

Níbi tí òfin kò bá ti sọ̀rọ̀, ohun tí díláà bá kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kù. Carvana, tó ń ta ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fún olùrà ní ọjọ́ méje àti 400 máìlì. CarMax, tó bẹ̀rẹ̀ ní Richmond ní Virginia ní 1993, ti sọ ìdápadà owó di ara orúkọ rẹ̀, ó sì ti yí iye ọjọ́ tó ń fúnni padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé inú rere ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe òfin. Ohun tó wà nínú ìwé lọ́jọ́ tí o fọwọ́ sí i ni tìrẹ. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rí gbà lọ́dún tó kọjá kò kàn ọ́.

Ṣé irú àdéhùn ìdápadà bẹ́ẹ̀ tó nǹkan? Àṣìṣe kejì ń dúró níbí, èyí tí àwọn tó ti mọ àkọ́kọ́ máa ń ṣe: wọ́n á ní ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù tó wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ohun tó tọ́ka sí ni pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tó ń rà á kò mọ̀. Torí pé olùrà kò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ti kú, iye tó máa ń fẹ́ san kì í ju ti ọkọ̀ àárín lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dáa yóò wá rí i pé owó náà kò tó, yóò sì mú ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́jà. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, èyí tí kò dáa nìkan ni yóò kù. Àdéhùn ìdápadà jẹ́ ọ̀nà kan láti tú ọjà náà sílẹ̀ nínú ìdè yìí. Ẹni tó ń ta iṣu tó sì ń ní kí o gé e wò, ó mọ irú iṣu tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀. Díláà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ní àbùkù kò lè pẹ́ nídìí fífún ènìyàn ní ọjọ́ méje, torí pé wọn yóò dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Fún ìdí yìí, bí ọkọ̀ méjì bá jọra, tí owó wọn sì súnmọ́ra, èyí tí wọ́n fún ní ọjọ́ méje pẹ̀lú owó kíkún ló sàn jù, yálà o máa dá a padà tàbí o kò ní dá a padà.

Owó àdéhùn ìdápadà wà nínú iye ọkọ̀ náà, ìyẹn kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ibi tí àdéhùn náà ti ń sọ agbára rẹ̀ nù ni inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kékeré kọ. Àwọn kan kì í dá owó padà, ọkọ̀ mìíràn nínú ọgbà wọn nìkan ni wọ́n máa fún ọ. Àwọn mìíràn kì í dá owó tí wọ́n gbà láti fi gbé ọkọ̀ wá fún ọ padà. Bí o bá fi ọkọ̀ rẹ àtijọ́ ṣe pàṣípààrọ̀, bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti tà á kí o tó padà dé. Bí o bá ra wáráńtì àfikún mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ ni ìwé tí o máa fi wọ́gi lé ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ fún ọ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí o rí àyè.

Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ẹ̀yáwó ọkọ̀, díláà ló ní ẹ̀tọ́ láti tú òwò ká, kì í ṣe ìwọ! Wọ́n á jẹ́ kí o gbé ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí ilé ìfowópamọ́ tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á pè ọ́ pé ẹ̀yáwó kò yọrí, kí o wá fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí èlé rẹ̀ ga, tàbí kí o dá ọkọ̀ padà. Ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà wọn títí ẹ̀yáwó yóò fi dájú.

Lójú tèmi, ohun tí ọjọ́ méje wà fún ni iṣẹ́ tó yẹ kí o ti ṣe kí o tó sanwó, bí àyè kò bá sí láti ṣe é nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kò bá díláà tan gbé e sókè, kí ó wo abẹ́ rẹ̀: ìpẹtà, òróró tó ń jò, àmì pé wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá. Tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ nígbà tó tutù, torí pé ọkọ̀ tí díláà ti tan sílẹ̀ kí o tó dé kì í sọ òótọ́. Wà á lórí márosẹ̀. Fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wo ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ní kí wọ́n gbé e padà wá fún àtúnṣe. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí díláà má ta ọkọ̀ àlòkù tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń wà á lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ méje, tó ń gbádùn òórùn rẹ̀, ó ti sanwó fún àdéhùn tí kò lò.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tó ti ra tirẹ̀ láìsí ìdápadà. "As Is" kò bo irọ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti yí mítà tó ń ka máìlì padà sẹ́yìn, òfin ìjọba àpapọ̀ fún ọ ní ìlọ́po mẹ́ta àdánù rẹ tàbí $10,000, èyí tó bá pọ̀ jù, bí o bá lè fi hàn pé wọ́n ṣe é láti rẹ́ ọ jẹ. Láàárín ọdún méjì sì ni o gbọ́dọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Bí díláà bá sì fún ọ ní wáráńtì nínú ìwé, òfin Magnuson-Moss ti 1975 kò jẹ́ kó lè yọ ara rẹ̀ kúrò pátápátá nínú ojúṣe pé ọkọ̀ tó tà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rà á fún ara wa nìkan. Èyí tó ń lọ sí Èkó tàbí Kútọnu ló pọ̀ nínú èyí tí àwọn mìíràn ń rà, ibẹ̀ sì ni àdéhùn ìdápadà ti ń di òfo. Ọjọ́ méje yóò ti pé kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà wọ inú kọ̀ńténà ní Baltimore tàbí Houston. Ẹni tó rà á gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀ lọ́jà Berger ní Èkó, òun àti díláà Amẹ́ríkà kò jọ fọwọ́ sí ìwé kankan. Òfin Nàìjíríà ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ló kù fún un, lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un ní Èkó: òfin náà ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù sọ ọ́ kedere pé àlòkù ni, ó sì gbà kí ẹni tí kò ráyè yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e fún un kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bójú mu bí kò bá bá ohun tí wọ́n sọ mu. Ẹni tó dúró sínú ọgbà, tó yí ọkọ̀ ká, tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó tó sanwó kò sí lára àwọn tí ìlà yìí ń sọ.